Ta Ló Tún Ń Họra Nílé?

Bí nǹkan bá sú sí ọmọdé lára, gbogbo àdúgbò ló ń di dókítà. Ẹni tó wá gba aṣọ lọ́wọ́ mi ni yóò kọ́kọ́ tẹjú mọ́ ọmọ tó wà lẹ́yìn mi, á ní, "Ooru ni, ẹ lọ ra páúdà fún un." Ẹnì kejì á ní èélá ni. Ẹnì kẹta á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọmọ lọ́rùn, á mirí, á ní kí n má fi omi tútù wẹ̀ ẹ́ o, pé èéyi ló fẹ́ jáde. Mi ò bínú sí ẹnì kankan nínú wọn, ìfẹ́ ọmọ ló ń mú wọn sọ̀rọ̀. Àmọ́ nígbà tí ara Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi sú, tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjì, bí orúkọ tí wọ́n ń fún un ṣe ń pọ̀ sí i ni mo rí i pé ohun kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe: ojú ara ọmọ nìkan ni wọ́n ń wò. Kò sẹ́ni tó bi mí pé ìgbà wo ló ń yún un jù. Kò sẹ́ni tó bi mí pé ta ló ń bá a sùn.

Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe nílùú Ìbàdàn. Oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ lọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, ọyẹ́ ṣì ń fẹ́, ètè gbogbo èèyàn ń là. Àwọn kókó wẹ́wẹ́ ni mo kọ́kọ́ rí ní ọrùn-ọwọ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ní abíyá, ní àyíká ìdodo àti ní ìdí. Nígbà tó yá, ó dé àtẹ́lẹsẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n gba ọ̀rọ̀ ooru gbọ́. Ibi tí òógùn bá ti ń dúró ni ooru máa ń sú sí lára ọmọdé: ọrùn, àyà, ẹ̀yìn, ibi tí ara ti ká léra. Bí o bá wẹ ọmọ, tí o bọ́ aṣọ tó wúwo kúrò lára rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí i, láàárín ọjọ́ díẹ̀ á ti máa rọlẹ̀. Kì í sú sí àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀. Ìyẹn nìkan kọ́, ta ló ń làágùn nínú ọyẹ́?

Ti èéyi náà, mo ní ìdí tí mi ò fi gbà á. Káàdì àjẹsára rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi: ó ti gba ti oṣù mẹ́sàn-án, ó ti gba ti oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Èéyi kì í sì í yọ́ wọlé bí olè. Ibà líle ló ń ṣáájú rẹ̀, pẹ̀lú ikọ́, ọ̀fìnkìn àti ojú pípọ́n, kí nǹkan tó wá sú láti ẹ̀yìn etí àti iwájú orí, kó máa sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ara àti ẹsẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ ń jẹun, ó ń tú òwú mi ká gbogbo ṣọ́ọ̀bù, ara rẹ̀ kò gbóná. Ṣíkìn-pọ́ọ̀sì ní tirẹ̀ máa ń gbomi sínú, á sú lónìí, á tún sú lọ́la, èyí tó ti gbẹ àti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ á jọ wà lára. Kò rí bẹ́ẹ̀. Làpálàpá sì máa ń yí po ni, etí rẹ̀ á ga, àárín rẹ̀ á máa mọ́ bọ̀.

Màmá, ìyá ọkọ mi, kò yẹsẹ̀ lórí èélá. "Ìyàwó mi, gbogbo ọmọ tí mo bí ló ṣe é," ni wọ́n wí, wọ́n sì gbé ọṣẹ dúdú àti àdín eyan kalẹ̀. Mi ò bá wọn jiyàn. Àdín náà wúlò, torí pé ọyẹ́ ti gbẹ ara ọmọ náà. Ara rẹ̀ dán, kò là mọ́. Yíyún ni kò dáwọ́ dúró. Bí ó bá jẹ́ ékísímà, ohun tí àwọn kan ń pè ní èélá, ni, mo ti mọ̀ láti ara ọmọ àǹtí mi pé ẹ̀rẹ̀kẹ́, kọ̀rọ̀ ìgúnpá àti ẹ̀yìn orúnkún ló máa ń fẹ́ràn, ara á gbẹ, á le, lọ́pọ̀ ìgbà ẹnì kan nínú ẹbí á sì ti ní ikọ́ fée. Kọ̀rọ̀ ìgúnpá Àbẹ̀kẹ́ mọ́ tónítóní.

Ọjọ́ kan tí mo lọ ra bọ́tìnnì lọ́jà ni Màmá ra ìpara kan ní kẹ́mísì, wọ́n sì fi pa ọmọ lára. Ìpara olóògùn mẹ́ta ni, irú èyí tí gbogbo kẹ́mísì ń tà, tí àwọn kan fi ń bóra. Nígbà tí mo dé, mo gbé páálí rẹ̀ sún mọ́ ojú: oògùn èèhù wà nínú rẹ̀, oògùn kòkòrò àìfojúrí wà nínú rẹ̀, ẹ̀kẹta sì ni clobetasol. Ìyẹn wà lára àwọn sítẹ́rọ́ìdì tó lágbára jù lọ tí èèyàn lè fi para. Ó máa ń mú kí ohunkóhun tó ń yúnni rọ̀, ì báà jẹ́ èélá, ì báà jẹ́ làpálàpá, ì báà jẹ́ kòkòrò bu èèyàn jẹ. Lóòótọ́ ló rọ̀ fún ọjọ́ bí mélòó kan. Màmá ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ṣé o rí i?" Lẹ́yìn ìyẹn ló padà dé, tó sì tàn dé ibi tí kò sí tẹ́lẹ̀. Dókítà tó wá rí i lẹ́yìn náà ṣàlàyé pé irú ìpara bẹ́ẹ̀ máa ń pa àmì àrùn rẹ́ ni, àrùn gan-an á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ lábẹ́. Ó sì máa ń sọ awọ ara ọmọdé di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Òru ni mo ti rí ojútùú. Aṣọ ẹbí kan wà lọ́wọ́ mi tí wọ́n fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, iná sì wà, mo jókòó ti ẹ̀rọ. Àbẹ̀kẹ́ sùn sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi, mo fi aṣọ bò ó. Kò pẹ́ tí ara rẹ̀ móoru tán ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ́lẹsẹ̀ kan ha èkejì. Oorun kò dá lójú rẹ̀, ẹsẹ̀ nìkan ló ń lọ tó ń bọ̀. Nígbà tó yá ó bú sẹ́kún, ó ń fi ìka fa ọrùn-ọwọ́ ya. Mo rántí pé ọ̀sán rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́sàn-án ó lè họra lẹ́ẹ̀kan kó sì gbàgbé. Alẹ́ ló ń dà á láàmú, pàápàá bí ó bá wà lábẹ́ aṣọ ìbora. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, mo tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ má bà a lójú, mo sì wo ọrùn-ọwọ́ náà bí ẹni ń wo ojú rírán. Láàárín àwọn kókó yẹn ni mo ti rí ilà kan, kò gùn tó èékánná ìka rẹ̀, ó wọ́ kọ́rọkọ̀rọ, bí òwú tí abẹ́rẹ́ fà gba abẹ́ aṣọ kọjá. Òmíràn wà láàárín ìka. Òmíràn wà lẹ́bàá àtẹ́lẹsẹ̀.

N kò mọ ohun tó ń jẹ́, àmọ́ mo mọ̀ pé ooru kì í fa ilà.

Mo yà á ní fọ́tò. Lórí fóònù ni mo ti kọ́kọ́ ń wá àwòrán tí mo lè fi wé e, inú sì bí mi díẹ̀: ara àwọn ọmọ òyìnbó ló kún ibẹ̀, gbogbo rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, kì í sábà pọ́n. Ó lè dúdú ju awọ yòókù lọ, ó lè ṣe bí eérú, nígbà mìíràn kò ní yàtọ̀ lójú rárá. Ọwọ́ lo máa fi mọ̀ ọ́n. Fi ìka ra ara ọmọ náà pẹ̀lẹ́, kókó á bá ọ pàdé kí ojú tó rí i. Bí o bá sì máa ya fọ́tò, etí fèrèsé lọ́sàn-án ni kí o ti yà á, má lo iná fóònù, torí ó máa ń mú kí ara dán kí ohun tí ò ń wá sì pòórá. Yà á láti òkèèrè kí ibi tó wà lára lè hàn, kí o tún yà á nítòsí.

Ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé àdúgbò wa, nọ́ọ̀sì tó gbà wá kò tíì wo ara ọmọ tó fi bi wá léèrè pé, "Ta ló tún ń họra nílé?"

Bàbá Àbẹ̀kẹ́ wo ilẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ìbàdí ti ń yún wọn, bẹ́líìtì ni wọ́n ń di ẹ̀bi rù. Èmi náà, abẹ́ ọmú ń yún mi, kọ́mú tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ni mo fi kẹ́wọ́. Ọmọ iṣẹ́ mi tó máa ń pọn Àbẹ̀kẹ́ jù lọ, tó bá wa dé ibẹ̀, rọra na ọwọ́ síwájú: àárín ìka rẹ̀ ti bó. Ilé kan náà ni gbogbo wa ń gbé, a jọ ń họra, oníkálukú sì ní àlàyé tirẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tún bèèrè pé ta ló wá sun ilé wa ní nǹkan bí oṣù kan sí oṣù kan àbọ̀ sẹ́yìn. Kérésìmesì ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tó wà ní bọ́dìǹgì, lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa, òun àti Àbẹ̀kẹ́ ló jọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan. Aṣọ alápá gígùn ni ọmọkùnrin náà ń wọ̀ nígbà yẹn, ó ní ẹ̀fọn họ́sítẹ́ẹ̀lì ló jẹ òun lápá.

Kúrúnà ni. Dókítà fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wo ilà ọrùn-ọwọ́ náà, ó ní kòkòrò kan tí kò tó ìdajì mìlímítà ló gbẹ́ ihò yẹn sábẹ́ awọ, ibẹ̀ ni abo rẹ̀ ń yé ẹyin sí, méjì tàbí mẹ́ta lóòjọ́. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé kòkòrò náà kì í pọ̀: lára ẹni tí ara rẹ̀ le, ó sábà máa ń jẹ́ nǹkan bíi 10 sí 15 péré ní gbogbo ara. Kókó tó kún ara ọmọ kì í ṣe kòkòrò, ara rẹ̀ ló ń kọ kòkòrò náà, ẹyin rẹ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń pẹ́. Ẹni tí kò bá ní in rí, ó lè tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 lẹ́yìn tó ti kó o kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Nígbà yẹn àlejò ti lọ, kò sẹ́ni tó máa rántí rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá ti ní in rí ni kì í pẹ́ rárá, ọjọ́ 1 sí 4 ti tó. Lára àgbàlagbà kì í sábà dé ojú àti orí, ṣùgbọ́n ó lè dé ibẹ̀ lára ọmọ ọwọ́, ó sì fẹ́ràn àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ wọn.

Nígbà tí a délé tí a sọ fún Màmá, wọ́n dìde. "Kúrúnà? Nínú ilé tèmi? Ṣé a kì í wẹ̀ ni?" Ojú ń tì wọ́n débi pé wọ́n ní kí n má sọ ọ́ létí ìta. Ọ̀rọ̀ wọn yé mi, torí pé a ti gbọ́ ọ títí pé ará ìdọ̀tí ló ń ní in. Irọ́ ni. Ẹni tó ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́ lè ní in. Kí ara kan ara fún ìgbà pípẹ́ ló ń ràn án: sísùn pọ̀, pípọn ọmọ, dídi ọwọ́ mú. Ibi tí èrò bá ti há, bíi họ́sítẹ́ẹ̀lì, ló ti ń rọrùn fún un. Ó wọ́pọ̀ débi pé lọ́dún 2017 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi í kún àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí ayé pa tì. Màmá tún fẹ́ lé ajá aládùúgbò wa lọ, nítorí kúrúnà ajá. Ti ajá lóòótọ́ lè yún èèyàn fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í lè gbé ara èèyàn kó bímọ síbẹ̀. Ajá náà kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ohun tí ó gba wàhálà jù ni ìtọ́jú, kì í ṣe pé ó le, ó kàn ń béèrè kí gbogbo ilé ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà ni. Permethrin, ìpara tó ń pa kòkòrò náà, ìdá 5 nínú 100 ni wọ́n fún wa, tí wọ́n lè lò fún ọmọ tó bá ti pé oṣù méjì. Alẹ́ kan náà ni gbogbo wa pa á, ẹni tó ń họra àti ẹni tí kò họra, Màmá pẹ̀lú, bí wọ́n tilẹ̀ ń kùn. Àwa àgbà pa á láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ti Àbẹ̀kẹ́, mo fi kan orí rẹ̀, ẹ̀yìn etí àti iwájú rẹ̀, mo yẹra fún ojú àti ẹnu. Abẹ́ èékánná ni wọ́n ní a kì í rántí, nítorí náà mo gé èékánná rẹ̀ kúrú kí n tó bẹ̀rẹ̀. Mo wọ ìbọ̀sẹ̀ sí i lọ́wọ́ méjèèjì kó má bàa lá a. Ó ń wo ìbọ̀sẹ̀ náà, ó ń fi gbá ara wọn bí ẹni ń pàtẹ́wọ́. Wákàtí 8 sí 12 ni oògùn gbọ́dọ̀ fi wà lára kí a tó wẹ̀ ẹ́ kúrò. Lẹ́yìn ọjọ́ 7 a tún un ṣe, torí ẹyin tó bá ṣẹ́kù.

Màmá rántí pé láyé àwọn, imí ọjọ́ ni wọ́n ń lọ̀ sínú àdín fún kúrúnà. Nọ́ọ̀sì kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní àwọn náà ṣì ń lo ìpara imí ọjọ́ fún ọmọ tuntun àti aboyún, àmọ́ wọ́n ti wọ̀n ọ́n, ìdá 5 sí 10 nínú 100. Èyí tí a bá lọ̀ nílé láìwọ̀n lè bó ọmọ lára. Láti ọjọ́ yẹn ni Màmá ti gba nọ́ọ̀sì náà lọ́gàá.

Aṣọ, ìbora àti aṣọ bẹ́ẹ̀dì tí a lò láàárín ọjọ́ mẹ́ta tó ṣáájú, omi gbígbóná la fi fọ̀ wọ́n, a sá wọn sínú oòrùn gangan. Èyí tí kò ṣeé fọ̀, a dì í sínú ọ̀rá, a so ó pa fún ó kéré tán wákàtí 72, torí kòkòrò náà kì í lè pẹ́ kó má kú bí kò bá sí lára èèyàn. Bẹ́ẹ̀ ni léèsì oníbàárà kan ṣe wà nínú ọ̀rá nílé mi, torí pé Àbẹ̀kẹ́ ti sùn lé e. Ìyá náà ń pè mí lójoojúmọ́. Mo sọ fún un pé ẹ̀rọ mi ń ṣe ségesège.

Lẹ́yìn ìtọ́jú, yíyún náà kò lọ lójú ẹsẹ̀. Ibi yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń sọ pé oògùn kò ṣiṣẹ́, tí wọ́n á sì máa pa á léraléra títí ara ọmọ á fi gbẹ. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa: ó lè tó ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 kí ara tó gbàgbé. Ohun tí a ń ṣọ́ ni bóyá ilà tuntun tàbí kókó tuntun ń yọ. Kò yọ. A tún ń ṣọ́ ibi tó ti họ títí tó fi dégbò, torí pé bakitéríà lè gba ibẹ̀ wọlé, èyí tó bá sì ṣọyún tí a kò tọ́jú lè ṣàkóbá fún kíndìnrín ọmọ lẹ́yìn ọ̀la.

Láti ìgbà yẹn, bí oníbàárà bá gbé ọmọ tí ara rẹ̀ sú wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ìbéèrè ni mo máa ń bi í, mi ò kì í júwe oògùn. Ó kọ́ ojú mi. Ìyá kan gbé ọmọkùnrin rẹ̀ wá pé kí n gé ṣòkòtò jíǹsì rẹ̀ kúrú. Ìsàlẹ̀ ìdodo ọmọ náà ti le, ó dúdú, ó ń yún un, ojú kan ṣoṣo, kò sí níbòmíràn. Wọ́n ti lo oògùn làpálàpá títí. Mo ní kó wọ ṣòkòtò náà: bọ́tìnnì onírin rẹ̀ bọ́ sórí ibẹ̀ gẹ́ẹ́. Níkẹ́ẹ̀lì tó máa ń wà nínú irú irin bẹ́ẹ̀ kì í bá ara àwọn kan mu, ó lè jẹ́ bọ́tìnnì, ó lè jẹ́ yẹtí. Mo rán aṣọ òwú ìlọ́po méjì sí ẹ̀yìn bọ́tìnnì náà, mo sì ní kí wọ́n ṣì fi han dókítà. Nígbà tó padà wá ran aṣọ Ọdún Àjíǹde, ibẹ̀ ti ń rọ̀.

Àwọn kan wà tí mi ò kì í bi ní ìbéèrè kankan. Bí ara ọmọ bá sú tí ibà líle sì wà, tó ń tòògbé ju bó ti yẹ lọ, tí ọrùn rẹ̀ le, ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀. Bí àmì náà bá wà bí ojú abẹ́rẹ́, tí o fi ẹ̀gbẹ́ ife onígíláàsì tẹ̀ ẹ́ tí kò pòórá, má ṣe dúró. Lára ọmọ dúdú, àtẹ́lẹwọ́, àtẹ́lẹsẹ̀ àti inú ìpéǹpéjú ló ti rọrùn láti rí i. Bí ètè tàbí ahọ́n bá ń wú, tí èémí rẹ̀ ń ṣe fín-ín fín-ín, lẹ́yìn tó jẹ nǹkan tàbí lo oògùn, ọ̀kadà tó bá kọ́kọ́ kọjá ni kí o gùn. Ọmọ tuntun tí kò tíì pé oṣù kan náà, wọn kì í fi tirẹ̀ ṣe àyẹ̀wò ẹnu ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló kù. Bàbá rẹ̀ fẹ́ ra oògùn ránṣẹ́ sí i kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Ọkọ mi ní rárá, pé bí wọ́n bá tọ́jú ọmọ náà nìkan tó padà sùn láàárín àwọn tó ń họra, iṣẹ́ òfo ni. Ilé-ìwé kò kọ́kọ́ fẹ́ gbọ́. Wọ́n ní kò sí kúrúnà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì àwọn. Ìgbà tí òbí mẹ́ta mìíràn pè wọ́n lórí ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n tó mú nọ́ọ̀sì wá wo gbogbo àwọn ọmọ yàrá náà, tí wọ́n sì sá gbogbo fóòmù sóòrùn.

Ó tún wá lo ìsinmi Ọdún Àjíǹde lọ́dọ̀ wa. Kò tíì gbé báàgì kalẹ̀ tí Màmá fi ní kó na ọwọ́ síwájú. Wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n la ìka rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n yí ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ síwá sẹ́yìn, wọ́n tún ní kó bọ́ bàtà. Ìgbà tí wọ́n wò ó tán ni wọ́n tó sọ fún un pé iyán wà nílẹ̀.